Ẹnu Ìkòkò Tó Kù

Ọ̀sán Sátidé ni Ìyáàfin Ìbídùnní Fálóyè lá àlá tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Orí àga onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló jókòó sí, fọ́ọ̀mù ìjọba wà lórí itan rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dùbúlẹ̀, kò sì ní i lọ́kàn pé òun fẹ́ sùn. Ẹ̀bà tó jẹ ló gbé e lọ. Èmi àti rẹ̀ la jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé girama Ìdó-Amọ̀. Òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà, èmi ni mo ń kọ́ wọn ní Ìṣirò. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló rọ́ àlá náà fún àwa tíṣà mẹ́rin nígbà ìsinmi, kò sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe rọ́ ọ ni èmi náà máa ṣe rọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà.

Nígbà kan rí, àwọn amọ̀kòkò tó wà ní Ìdó-Amọ̀ tó ogójì, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá sí ìlú wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí òrùlé ilé kankan. Ìkòkò Ìdó-Amọ̀ dé Ìlọrin, ó dé Àkókó. Ìgbà tó yá, ike dé, páànù dé, fíríìjì dé. Àwọn kan nínú àwọn ìyá náà kú, ọmọ àwọn mìíràn ní kí wọ́n wá bá àwọn tọ́jú ọmọ ní Èkó, wọn kò sì padà mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá kù, Màmá Ẹyinadé, tó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Ìyáàfin Fálóyè wá ronú pé, kí ló dé tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa kò fi lè máa lọ sí agbo ilé Màmá Ẹyinadé ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà láti ibi wíwa amọ̀ títí dé ibi sísun ún, kí máàkì tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ sì wọ inú èsì wọn, kí ó ka mọ́ ìwé ẹ̀rí wọn bí Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà? Bí ti ìkòkò bá yọrí sí rere, ó kan àwọn tó ń hun ẹní, ó kan àgbàlagbà ọdẹ tó mọ orúkọ gbogbo ewé tó wà nínú igbó. Ó ní ìlú fúnra rẹ̀ ni kíláàsì tó tóbi jù, àwa la ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ta ni olùkọ́? Ó kọ orúkọ Màmá Ẹyinadé sí i, ó tún fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí wo ni olùkọ́ náà ní? Màmá Ẹyinadé kò jókòó ní kíláàsì rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ Ajé yẹn ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹyìn. Bí ó bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún Màmá Ẹyinadé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohun tó ń dá Ìyáàfin Fálóyè lágara nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n kọ “Orúkọ Olùkọ́ àti Ìwé Ẹ̀rí Rẹ̀” sí, kò mọ ohun tí yóò kọ síbẹ̀.

Ibi tó ti ń wò ó ni fọ́ọ̀mù náà ti wúkọ́.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ó bẹ Ìyáàfin Fálóyè pé kó jọ̀ọ́ bá òun na ẹ̀yìn òun tó ti ká kò, ó ń dun òun. Ìyáàfin Fálóyè fi àtẹ́lẹwọ́ nà án dáadáa. Fọ́ọ̀mù dúpẹ́, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ òun jáde, kò tíì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun jẹun. Ìyáàfin Fálóyè ní ẹ̀bà ṣì kù ní ìdáná. Fọ́ọ̀mù ní ó tì o, òun kì í fẹnu kan nǹkan ọlọ́bẹ̀, kó má lọ ta sí òun lára. Ó ní kí wọ́n kúkú tètè máa lọ sí ọ́fíìsì, nítorí pé ọ́fíìsì náà ti ń gbéra nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ẹ̀lúyẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti wà lókè, ó ń fò lórí omi, àti tábìlì àti fèrèsé. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọ̀pẹ kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Ìyáàfin Fálóyè gbójú sókè wò ó. Ohun kan ṣoṣo tó dùn ún ni pé wọn kò kun abẹ́ rẹ̀ lọ́dà. Ó ní ọ́fíìsì tó bá mọ̀ pé òun yóò máa fò, ó yẹ kó rántí pé abẹ́ òun ni aráyé yóò máa wò.

Táìmù-tébù ilé ìwé ni àkàsọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi gun òkè, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì le dáadáa, kò mì. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, èmi kò bù mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, ó ń dún kíní-kíní lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó dé àárín Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ ayé àti Ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìgbésẹ̀ kan kò sí níbẹ̀, òfìfo ni, odò sì ń hàn nísàlẹ̀.

“Ibẹ̀ ló yẹ kí tiwa wà,” ni fọ́ọ̀mù wí láti abẹ́ apá rẹ̀.

Ìyáàfin Fálóyè ká ìró rẹ̀ sókè, ó nasẹ̀, ó kọjá.

Nígbà tó wọlé, òórùn kan ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Òórùn pátákó ìkọ̀wé àtijọ́ ni, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì kejì máa ń fi èédú àti ewé ẹ̀gẹ́ kùn ní ọjọ́ Ẹtì, tí ọwọ́ gbogbo wọn á dúdú títí dọjọ́ Àìkú. Ó ní ojú òun gbóná. Ó ní òun kò tíì gbóòórùn rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún, àfi nínú ọ́fíìsì ìjọba tó ń fò.

Ọ̀gá mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Èyí tó wà láàárín wọ táì pupa, ó sì lo awò ojú. Ó kí Ìyáàfin Fálóyè tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, ó gba fọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ń fi itọ́ tọ́ ìka, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ibi ìwé ẹ̀rí, ó gé etí fọ́ọ̀mù jẹ díẹ̀.

“Ẹ rọra, sà,” ni fọ́ọ̀mù wí.

Ọ̀gá náà ń jẹ lọ, ó ń kà lọ. Nígbà tó fi máa dé ìlà kẹta, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, etí rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ti di òbúkọ dúdú tó wọ táì pupa. Àwọn méjì yòókù wo ojú ọ̀gá wọn, àwọn náà sì dà bí ó ṣe dà, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba kò fẹ́ kí ọmọ abẹ́ ta yọ ọ̀gá. Ẹ̀rù kò ba Ìyáàfin Fálóyè. Ojú ló tì í, pé òun wá lọ́wọ́ òfo, òun kò mú èèpo iṣu dání. Ó tún kí wọn kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ìkíni àkọ́kọ́, ènìyàn ló kí.

Obìnrin akọ̀wé kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí òun kò di nǹkan kan. Ó bẹ Ìyáàfin Fálóyè pé kó má bínú, ó ní bí ọ̀sán bá ti pọ́n báyìí, bí wọ́n ṣe máa ń dà nìyẹn.

“Kò burú,” ni Ìyáàfin Fálóyè wí. “Ta ló máa wá buwọ́ lù ú?”

“Ẹni tó bá kọ́kọ́ padà di ènìyàn ni, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ wò ó nínú dúrọ́ọ̀ kẹta yẹn.”

Ìyáàfin Fálóyè fa dúrọ́ọ̀ kẹta. Kò bá fáìlì níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá rẹ̀ ló bá.

Ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Igi ìyeyè wà ní kọ̀rọ̀, èso rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ rẹrẹ, eṣinṣin ń kùn lórí rẹ̀. Òkìtì àpáàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Amọ̀ tí wọ́n ti po wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ ṣe máa ń rùn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyáàfin Fálóyè ti ẹsẹ̀ kan bọ dúrọ́ọ̀, ó ti ìkejì bọ̀ ọ́, ó wọlé.

Àwọn amọ̀kòkò ogójì náà wà níbẹ̀, gbogbo àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà ní Èkó. Wọ́n wọ aṣọ ilé ìwé wa, búlúù pẹ̀lú kọ́là funfun àti sọ́kì. Àwọn kan ń fín aṣáà. Ìyá Àgbà Àyìnkẹ́, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, dúró níwájú wọn pẹ̀lú aago ilé ìwé lọ́wọ́. Ìyá yìí ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìyáàfin Fálóyè kúnlẹ̀ kí i. Ìyá Àgbà kò wo ibi ìkíni, aago ló ń wò.

“O pẹ́, Àwẹ̀ró.”

Kò sẹ́ni tó tún ń fi oríkì yẹn pè é mọ́ láyé. 

“Ẹ má bínú, mà. Fọ́ọ̀mù ló dá mi dúró.”

Ìyá Àgbà ní kó dúró sórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, òun fẹ́ pe orúkọ. Ìyáàfin Fálóyè rò pé orúkọ àwọn obìnrin náà ni yóò pè, ṣùgbọ́n ìkòkò ló ń pè. Ó pe ìṣasùn, ìṣasùn ní òun wà níbí. Ó pe orù, orù dáhùn pẹ̀lú ohùn ńlá. Ó pe agbada, agbada ní òun wà lórí iná, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́. Ó pe àmù. Àmù dákẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, àmù dákẹ́. Àmù náà jókòó sí ìdí igi ìyeyè nínú iyanrìn tútù, ìdérí igi lórí rẹ̀, ife kan lórí ìdérí. Ìyáàfin Fálóyè ni àmù ń wò.

“Ìwọ lo fọ́ mi,” ni àmù wí.

“Èmi ni.”

“O ní adìẹ ni.”

“Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.”

“Mo mọ̀. Adìẹ náà wá ṣàlàyé fún mi kí wọ́n tó pa á ní Kérésìmesì.”

Ìyáàfin Fálóyè sọ fún wa pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lòun ti ń ru ẹjọ́ àmù yẹn kiri. Òun ti sọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òun fún pásítọ̀, òun kò sọ èyí. Àmù ní kó wá mu omi, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó bu omi, ó mu ún.  Gbogbo àwa tíṣà tó rọ́ ọ fún ló ti mu omi àmù rí. Omi tó tutù láìjẹ́ yìnyín, tó ní òórùn amọ̀ díẹ̀ nínú, tí ẹ bá mu ún tán ẹ ó ṣì máa gbé ahọ́n lù ú. Kò sí fíríìjì tó lè ṣe é.

Ibi tó ti ń mu omi ni àwọn òbúkọ mẹ́ta ti gba ojú dúrọ́ọ̀ wọlé. Wọ́n gbé tábìlì wọn wá, wọ́n ní ìdánwò ni àwọn wá wò. Òbúkọ oní-táì jókòó. Ó ní kí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí hàn kí wọ́n tó lè gbà pé olùkọ́ ni.

Ìyá Àgbà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i.

Òbúkọ tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó ń ka àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ó kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. “Ẹni tó ni ọwọ́ yìí mọ ìkòkò ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ó mọ amọ̀ odò yàtọ̀ sí amọ̀ òkè nínú òkùnkùn. Ó fi ìkòkò rán ọmọ mẹ́fà lọ sí ilé ìwé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó padà wá kọ́ iṣẹ́ náà.”

 Ó ké lóhùn kékeré, bí ọmọ ewúrẹ́ tí kò rí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àtẹ́lẹwọ́ òsì. Òfìfo ni. Ó béèrè ìdí tí kò fi sí nǹkan níbẹ̀.

“Àwẹ̀ró ló ni ibẹ̀ yẹn,” ni Ìyá Àgbà wí.

Àwọn òbúkọ forí korí, wọ́n ṣèpàdé kúkurú. Oní-táì padà wá, ó ní ọ̀rọ̀ náà le. Ẹyinadé mọ ìkòkò, kò ní ìwé ẹ̀rí. Àwẹ̀ró yìí ní ìwé ẹ̀rí, kò mọ ìkòkò. Ìjọba kò mọ èwo ni yóò kọ sílẹ̀ nínú wọn.

Ìyá Àgbà kò bínú. Ó wò wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. “Bí a bá ń po amọ̀,” ni ó wí, “ẹnì kan á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á máa bu omi sí i. Èwo nínú wọn ni kò po amọ̀?”

 Èyí tó kéré jù nínú àwọn òbúkọ fi pátákò rẹ̀ mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìyá Àgbà wá ní kí Àwẹ̀ró dìde. Ìkòkò kan wà lórí ìdí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní àárín ẹ̀yìnkùlé náà. Wọ́n ti mọ ọ́n dé ọrùn, ẹnu rẹ̀ ló kù. Kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò ní ìlú wa fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Ìkòkò kì í yí. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí ló máa wà. Ẹni tó ń mọ ọ́n ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, ká ká ká, títí amọ̀ yóò fi dìde. Àwọn ìyá wa fi ẹ̀yìn rìn jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe fi iwájú rìn lọ.

Ìyáàfin Fálóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé àádọ́ta ọdún, orúnkún tó ń dùn ún ṣíwọ́. Ní márùndínlógójì, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn, itọ́ rẹ̀ ń kán sí i léjìká. Nígbà tó dé ogún ọdún, ó yára kọjá, kò wo ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ọdún yẹn ni Ìyá Àgbà kú. Ó dé méjìdínlógún, ó dúró.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún yẹn lójú ayé fún yín. Ọdún tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, lọ́rì ti dúró níwájú ilé, àpótí páànù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ìyá Àgbà wà nídìí ìkòkò kan. Láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ, ó ti kọ́ ọ ní wíwa amọ̀, ní pípo ó, ní ìdí, ní ikùn, ní ọrùn. Ẹnu ló kù. Ó ní, “Bí o bá wálé ní ọlidé, màá kọ́ ọ ní ẹnu rẹ̀.” Ìyáàfin Fálóyè wálé ní ọlidé. Ìwé ló ń kà. Ó tún wálé ní èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a wálé. Ọlidé kẹta, òkú Ìyá Àgbà ló wá sin.

Nínú àlá, lọ́rì yẹn kan náà ló dúró níwájú ilé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún, ó ń gbọ̀n. Fọ́ọ̀mù ló jókòó sí ipò dírẹ́bà, ó dé fìlà, etí rẹ̀ tí òbúkọ jẹ kò tíì hù. Ó ní, “Mà, a ti ń lọ o.” Ìyáàfin Fálóyè bẹ̀ ẹ́ pé kó dá òun dúró díẹ̀, ẹnu ló kù.

Ìyá Àgbà fa àkísà kan yọ nínú igbá omi. Ó gbé e lé ẹnu ìkòkò, ó gbé ọwọ́ Àwẹ̀ró lé àkísà, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ Àwẹ̀ró. Ọwọ́ náà le, ó sì tutù. Ó ní kó má tẹ̀ ẹ́, kó kàn jẹ́ kó máa kọjá láàárín ìka rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi ẹ̀yìn rìn. Ẹnu ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí síta, díẹ̀ díẹ̀, bí ètè ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.   Ìyá Àgbà tẹ ẹnu sí i létí.

“Àṣírí ẹnu ìkòkò,” ni ó wí, “kò ju pé—”

Lọ́rì fun fèrè.

Ìyáàfin Fálóyè lajú. Mótò búrẹ́dì ló ń fun fèrè ní òpópónà, èyí tó máa ń kọjá ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́. Ọmọ aládùúgbò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìta bóyá wọ́n máa ra búrẹ́dì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fi etí ìró rẹ̀ wé bírò, ìka rẹ̀ méjì sì di í mú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ó ní kí ọmọ náà bá òun ra méjì. Lẹ́yìn náà ó sunkún díẹ̀. Ó ní kì í ṣe torí pé Ìyá Àgbà kú ni òun ṣe sunkún, ìyẹn ti tó ọjọ́. Ó dun òun pé ìṣẹ́jú kan péré ló kù tí òun ì bá fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, tí oníbúrẹ́dì fi dé.

Nígbà tó nu ojú tán, ó kọ orúkọ méjì sí ibi tí wọ́n ní kó kọ ẹyọ kan sí: Ẹyinadé Adéwọyin, amọ̀kòkò, Ìbídùnní Fálóyè, tíṣà. Ó sì ṣàlàyé sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ, pé ẹnì kejì ni yóò jókòó ti wọ́n, tí yóò kọ ohun tí wọ́n kọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ dúró fún máàkì wọn.

Kí n má fi yín sínú iyèméjì, wọ́n gbà á. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà kí èsì tó dé. Wọ́n ní kí a fi ọdún kan dán an wò pẹ̀lú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo lọ gba lẹ́tà náà, mo sì rí ọ̀gá tó buwọ́ lù ú. Kò ní irùngbọ̀n rárá. Inú mi kò kọ́kọ́ dùn, torí pé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n gbà, àsìkò Ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí mo ti fi odidi ọdún kan kọ́ ní bí a ṣe ń wọn ẹ̀gbẹ́ òbìrìkítí yíká, tí kò yé e. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó lọ sọ́dọ̀ Màmá Ẹyinadé, ó wá bá mi pẹ̀lú okùn tó fi wọn ìkòkò, ó ní tíṣà, ó ti yé mi. 

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Sátidé àlá yẹn ni mo fẹ́ padà sí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú ní tòótọ́.

Ìyáàfin Fálóyè mú búrẹ́dì kan, ó gba ọ̀nà agbo ilé Màmá Ẹyinadé lọ. Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba atẹ́gùn, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú kó má baà gbọ̀n. Ìyáàfin Fálóyè kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé búrẹ́dì fún un. Kò rọ́ àlá kankan. Ó kàn sọ pé òun náà fẹ́ wá kọ́ṣẹ́, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan.

Màmá Ẹyinadé wò ó títí. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Àyìnkẹ́ ni òun náà ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀.

“Níbo ni Ìyá Àgbà kọ́ ọ dé?”

“Ẹnu ló kù, mà.”

“Mú ọwọ́ rẹ wá.”

Ìyáàfin Fálóyè na ọwọ́ méjèèjì sí i. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èékánná rẹ̀ gùn, ó kun ún ní pupa. Màmá Ẹyinadé fọwọ́ kan èékánná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Gbogbo wọn ló rò pé àṣírí kan wà ní ẹnu ìkòkò,” ni ó wí. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èékánná ni. Bó bá ti gùn, ó ń ya amọ̀.”

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn àga rẹ̀, ó fa bíléèdì kan jáde nínú ike, ó gbé e fún un. Ìyáàfin Fálóyè bọ́ òrùka rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná.